Àwọn Ọ̀bọ̀kún Tí Màámi Yan

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ gidi, ẹ sọ fún ará Ajégúnlẹ̀ pé ẹja lẹ̀ ń lọ kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí mo wọlé láti kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun, gbogbo àdúgbò ló ń bi mí bóyá wáàfù Àpápá ni wọ́n ti máa gbà mí síṣẹ́. Màámi nìkan ni kò bi mí ní nǹkan kan. Ẹja òkú Èkó ni wọ́n ń tà níwájú ilé wa, owó tó ń wọlé látinú fírísà ẹja náà ni wọ́n sì fi tọ́ mi. Lójú tiwọn, ọmọ ẹlẹ́ja tó lọ kọ́ ẹja ò ṣìnà.

Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi dá lórí ohun tí ọ̀bọ̀kún ń jẹ nínú omi ẹ̀gbẹ́ àwọn táńkì epo ní Kírikírì. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi dá ni mo ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀, tí mo ń kó wọn pamọ́ odindi, torí inú ìfun wọn gan-an ni iṣẹ́ mi wà. Iná skúù ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ni mo bá tọrọ igun kan nínú fírísà Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Ẹja tí o ò fọ̀, tí o ò jẹ, tí o ò tà! Háà, ìwé yìí mà pọ̀ o.”

Síbẹ̀, wọ́n gbé páálí ẹja tiwọn kan kúrò kí tèmi lè ráyè.

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń ṣe ìdánwò, tí mo sùn sí skúù, ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bẹ́ gbàù. Fóònù Màámi kú, kò síná tí wọ́n máa fi cháàjì ẹ̀, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo délé. Èéfín ló kọ́kọ́ pàdé mi. Màámi jókòó ti àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹja, ojú wọn pọ́n bí ata, ẹ̀rín kún ẹnu wọn.

“Máa bọ̀, ọmọ mi! Ojú ò ní tì wá. Igi tó wà nílẹ̀ ò tó nǹkan, tìẹ ni mo kọ́kọ́ yan. Tèmi ti jẹrà, mo ti dà á nù. Ṣùgbọ́n tìẹ, ọ̀kan ò bàjẹ́!”

Wọ́n ṣí páálí hàn mí. Àwọn ọ̀bọ̀kún mi ti gbẹ, Màámi ti ká wọn rogodo, wọ́n ń dán.

“Màámi, ìfun wọn ńkọ́?”

“Ìfun kẹ̀? Ó ti lọ sí gọ́tà. Ṣé kí olùkọ́ ẹ máa pè mí lọ́bùn ni?”

Inú bí mi, inú bí mi burúkú, ṣùgbọ́n ta ni kí n bínú sí? Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣé, Màámi.” Nígbà tí ẹkún gbọ̀n mí, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Nígbà tí mo gbé ẹja náà lọ bá olùkọ́ mi, kò tiẹ̀ pariwo. Ó gbọ́ òórùn ẹja náà, ó ní ìyá mi mọ ẹja yan, ó wá ní kí n lọ dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tó yá, ọmọ àdúgbò wa kan tá a jọ wọ yunifásítì kọjá níwájú ilé nínú aṣọ agùnbánirọ̀. Màámi wò ó títí tó fi lọ, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Tìẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ní kí n tún iṣẹ́ mi ṣe, Màámi. Ó bàjẹ́.”

“Ó bàjẹ́ báwo? Ta ló bà á jẹ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí ẹja. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n rí i pé mo mọ ẹni náà. Bí wọ́n ṣe tú gèlè nìyẹn, tí wọ́n fi gbájá, tí wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná níwájú fírísà.

“Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ọmọ mi, tó dá a padà sẹ́yìn, má ṣe jẹ́ kó jèrè ọmọ tiẹ̀ láyé! Ṣe àmín.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Mo ní kó o ṣe àmín!”

Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ń wo ẹnu mi, wọn ò jẹ́ kí n lọ.