Ajísààrì Inú Kọ̀ǹpútà

Ariwo fáànù kọ̀ǹpútà yẹn ṣì wà létí mi. Yóò hó bí omi orí iná, yóò dákẹ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi hó. Pópó Yemọja ni, nílé Àlàájà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìtàn agbo ilé wọn ló ń kọ síbẹ̀, nítorí òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú lọ. Wọ́n ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé kò ní pẹ́ ṣú tán.

Nígbà náà, dókítà kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí láti Ìsàlẹ̀ Òsì dé Mápó, mo sì gbà pé oyè náà yẹ mí. Èmi ni mo fi ètò kan sínú ẹ̀rọ ìyá, tó ń ka ohun tó bá kọ sókè fún un. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mélòó kan, àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Bó bá ti dìde, á ṣubú, á sì wọ́ ohun tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lọ. Odidi ojú ewé lórí ìyá ìyá rẹ̀ bá a lọ bẹ́ẹ̀, inú mi sì bàjẹ́ nígbà tí mo rí i tó ń wá a.

Mo ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ń to orúkọ gbogbo iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀ sí, mo rí ètò náà, mo pa á. Mo gba omi tútù, mo gba àdúrà. N kò tíì wọ bàtà tán tí ètò náà tún dìde, tí fáànù sì tún hó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á. Mo dá iná mànàmáná lẹ́bi, mo dá eruku lẹ́bi, ó ku díẹ̀ kí n dá ìyá gan-an lẹ́bi.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń kà á lọ títí mo fi pa ètò náà tán tó tún jí.

"Ọmọ mi, bí mo bá ti ka tẹ̀sùbáà dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n báyìí, ó ti dìde. Ohun tó ń dá jí kì í mọ àsìkò tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ń ṣe ajísààrì fún un, kì í sì í ṣe oṣù ààwẹ̀. Ajísààrì yẹn ni kó o wá."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo wá ajísààrì náà, mo sì rí i: èmi ni. Lọ́jọ́ tí mo fi ètò yẹn síbẹ̀, mo fọ́nnu pé kò ní kú láéláé, mo wá ní kí ẹ̀rọ máa jí i ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bó bá ṣubú. Mo ti gbàgbé pátápátá. Ojú tì mí. Mo dá ajísààrì dúró, mo pa ètò náà, mo sọ lẹ́tà inú ẹ̀rọ di ńláńlá fún ìyá, a sì jókòó. Ó ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó tún un kà. Fáànù ò hó mọ́. Mo rò pé yóò bú mi, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kọ ìwé náà tán kí ojú rẹ̀ tó ṣú pátápátá. Lónìí, èmi ni mò ń lọ kà á sí i létí lọ́sàn-án Jímọ̀ọ́. Ní ojú ewé ìdúpẹ́, ó kọ ọ́ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó jí wàhálà dìde, tó sì padà wá tẹ́ ẹ sùn. Mo máa ń fẹ́ fo ibẹ̀. Ìyá ò ríran mọ́ rárá, àmọ́ bí mo bá ti ṣí i kọjá, á ní, "O ti fo ojú ewé kan." Màá padà sẹ́yìn, màá sì kà á.