Ìyá Ọkọ Mi Àtijọ́ Ló Gbè Sẹ́yìn Mi Lórí Gbèsè Káàdì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí credit card. Mo ń rẹ́rìn-ín báyìí o, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹkún ni!

Èmi àti Dèjì ọkọ mi kọ ara wa sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù nílùú òyìnbó níbí. Káàdì kan wà tí orúkọ àwa méjèèjì wà lórí ẹ̀. Adájọ́ ní Dèjì ni kó san gbèsè ibẹ̀, torí òun ló ná an. Ó gbà. Mo kó lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Marietta, mo ní ó ti parí.

Ó parí kẹ̀?

Mo fẹ́ gba apartment ní Smyrna, nítòsí ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní credit mi, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí mo ṣe ń san gbèsè, ti bàjẹ́. Èmi tí mi ò jẹ́ kí bill kankan pẹ́! Mo pe báǹkì. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sanwó káàdì yẹn láti oṣù mélòó kan. Mo ní adájọ́ ti ní kí ọkọ mi àtijọ́ san án. Obìnrin tó gbé fóònù rọra ṣàlàyé pé àárín èmi àti Dèjì ni ọ̀rọ̀ adájọ́ mọ. Àwa méjèèjì la fọwọ́ síwèé tiwọn, ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa mú.

Orí mi fò lọ!

Mo ní kí wọ́n ti káàdì náà pa, kẹ́nikẹ́ni má fi rajà mọ́. Mo san minimum, iye tó kéré jù tí wọ́n ń gbà lóṣù, kí orúkọ mi má baà bàjẹ́ sí i. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní àmín, mo sì gba kọ́ọ̀tù lọ pe Dèjì lẹ́jọ́.

Nígbà tí Dèjì gba ìwé ìpẹ̀jọ́, ta ló rán sí mi? Ìyá ẹ̀! Mummy wá kí i láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Norcross ni wọ́n wà.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi ní Marietta, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí n má sọ ọmọ àwọn di ẹlẹ́wọ̀n nílẹ̀ àjèjì, pé Dèjì ní èmi ni mo ná owó náà.

Inú bí mi, àmọ́ àgbà ni wọ́n. Mo ní, "Mummy, àga aláwọ tí ẹ ń jókòó lé ní pálọ̀ ẹ̀, káàdì yẹn ló fi rà á. Tẹlifíṣọ̀n ńlá yẹn náà ńkọ́?"

Wọ́n lanu. "Èyí tó ní ọ̀gá òun fi ta òun lọ́rẹ?"

Wọ́n ní kí n pè é, kí n fi sí speaker.

"Dèjì! Iṣẹ́ irọ́ lo rán èmi ìyá ẹ? Adájọ́ ní kí o san, o ò san, o wá ní kí n máa bẹ ẹni tí o fìyà jẹ!"

"Mummy, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Lọ ṣàlàyé fún adájọ́! Èmi pẹ̀lú ìyàwó mi la jọ ń lọ."

Ẹ gbọ́ o, ìyàwó mi!

Kó tó di ọjọ́ ẹjọ́, Dèjì ti yá owó lórúkọ ara ẹ̀ nìkan, ó ti fi san gbèsè náà tán. Adájọ́ tún ní kó dá owó tí mo san padà fún mi. Mo pe báǹkì láti break room wa níbi iṣẹ́: zero balance, gbèsè ò ku kọ́bọ̀! Mo pariwo débi pé ọ̀gá mi sáré wọlé, ó rò pé patient ló ṣubú. Nígbà tó yá tí credit mi dára padà, àwọn tó ni apartment Smyrna ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin tèmi, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ìkọ̀sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ti gbogbo káàdì tí ẹ jọ ní pa. Báǹkì ò mọ ìkọ̀sílẹ̀, gbèsè nìkan ló mọ̀. Ẹ má sì tijú láti jà fún orúkọ yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe bọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ti gbé tíì mi kalẹ̀, mo ń dúró dè yín nínú pálọ̀ tèmi.