Ìwé Tí Wọ́n Ń Kà Láti Ọwọ́ Ọ̀tún

Ìkìlọ̀ kan ló mú mi kọ èyí. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló wọlé sórí fóònù mi, ohùn obìnrin kan tí n kò mọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ó ní kí gbogbo ìyá tó jẹ́ Mùsùlùmí kó mángà, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan, kúrò nílé. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣí i, tí wọ́n á máa kà á bọ̀ síwájú, bí iṣẹ́ òkùnkùn. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ilé-kéwú wa. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá Àmínà, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo kó ìwé méjìlá tó ní nínú ìtàn kan tí wọ́n ń pè ní Ọkọ̀ Inú Kùrukùru, mo dì wọ́n sínú àpò, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Àmínà kò sunkún. Ó ní, "Mummy, exhibition ìwé yẹn wà ní Forest Hill ní Saturday. Ẹ bá mi lọ. Tí ẹ bá rí ohun tí kò dáa níbẹ̀, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dànù. Mi ò ní sọ nǹkan kan."

Mo gbà. Àdéhùn wa nìyẹn, n kò sì fi ṣeré.

Lọ́jọ́ Sátidé, a kírun àsùbáà tán, a jáde nílé ní Peckham ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn, ọ̀nà náà kò sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ gbogbo ọ̀nà àbájáde ilé náà kí èrò tó dé. Mo gbé iṣu sísè àti ẹyin díndín sínú kúlà. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sórí bébà mẹ́ta, mo fi ọ̀kan sínú báàgì Àmínà, ọ̀kan sínú àpò kóòtù rẹ̀, ọ̀kan sínú bàtà rẹ̀.

"Nínú bàtà, Mummy?"

"Wọ́n lè jí báàgì. Wọ́n lè jí kóòtù."

Kùrukùru bo gbogbo Rye Lane. Àwọn ẹlẹ́ja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da yìnyín sínú àwo ni, a ń gbọ́ ìró rẹ̀, a ò rí ọwọ́ tó ń dà á. A wọ bọ́ọ̀sì 197. Owó tèmi jẹ́ pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlọ́gọ́rin, ọ̀fẹ́ ni ti Àmínà. Nílùú wa ní Ìwó, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ á kí gbogbo èrò inú rẹ̀. Níbí, awakọ̀ nìkan ni mo kí, Yorùbá ló sì fi dáhùn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ibo lẹ̀ ń lọ ní kùtù báyìí?"

"Forest Hill ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra sáré nínú kùrukùru yìí."

"Mummy, bọ́ọ̀sì yìí ò tíì sáré rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á."

Òkè ni Àmínà ní ká jókòó sí. Ìrì ti bo gíláàsì fèrèsé, ó sì ń fi ìka ya ọkọ̀ ojú omi kékeré sí i, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Nígbà tí bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, mo bojú wẹ̀yìn. Kùrukùru ti dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, òrùlé nìkan ló yọ níbẹ̀, bí orí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. N kò gbọ́ ìró táyà mọ́. Ó ń ṣe mí bíi pé a ti kúrò lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù kò sì bà mí. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ẹ̀rù kì í pẹ́ bà mí.

A jẹ iṣu wa lórí bẹ́ǹṣì nítòsí ibùdó rélùwéè. Gbọ̀ngàn náà wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mẹ́jọ lọ́wọ́ Àmínà. Ọ̀nà àbájáde mẹ́ta ni mo kà.

Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Wọ́n ta aṣọ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti òkè wálẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń mì ín jẹ́jẹ́ bí omi. Àwọn ojú ewé ìwé náà wà nínú férémù lára ògiri, iná kékeré kan lórí ìkọ̀ọ̀kan. Bàbá òyìnbó kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Mo gbọ́ tó ń sọ pé òun ò lóye ìtàn náà. Ẹsẹ̀ tèmi ti yà sí ọ̀tún fúnra rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà ará Japan kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín? Ṣe la máa ń dá gbogbo èèyàn padà láti òsì."

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kàwé ní ilé-kéwú."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń ṣí Kùránì láti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀yìn la ti ń ṣí i. Èmi tí mo mọ̀ ni mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì fi ránṣẹ́.

Àmínà ń wò mí. "So, Mummy, ilé-kéwú náà, iṣẹ́ òkùnkùn ni?"

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Question ni mo kàn bèèrè o."

A rọra ń lọ láti ọ̀tún sí òsì. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó ń tukọ̀ kọjá odò tí ẹnikẹ́ni kò rí òdìkejì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró létí omi, ó di okùn ọkọ̀ náà mú. Gẹ́ńgà ni wọ́n ń pe àwọn bébà ara ògiri yìí, ìyẹn àwòrán tí ọwọ́ ayàwòrán fúnra rẹ̀ yà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó dáadáa. Ọwọ́ ìyá náà nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ tí wọ́n tún un yà, títí ìka rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára okùn. Ẹni tó ṣe èyí kò kánjú. N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Aṣọ búlúù ń fẹ́ kọjá lójú mi, ìró omi ń bọ̀ láti ibì kan, n kò sì wo aago.

Níkẹyìn a dé ibi tí ẹbọra olójú mẹ́ta kan wà. Mo dìde.

"Èyí ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bọ ọ́ ni?"

"Mummy, bad guy ni. Wọ́n máa nà án dáadáa ní ìwé kẹfà."

Kò wù mí láti wò ó, n kò sì purọ́ fún un pé ó wù mí. Ṣùgbọ́n ẹbọra burúkú tí wọ́n nà kì í ṣe nǹkan tuntun sí mi, ìyá mi pa irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi.

A ra onígírì kan ní pọ́n-ùn mẹ́ta, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n mọ ní igun mẹ́ta bíi tùwó, tí wọ́n fi ewé inú òkun wé. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó fún ọmọ mi: ẹja ni.

Ó ń jẹun lọ́wọ́ ló bi mí pé, "Ṣé ẹ máa kó wọn dànù?" Ohùn rẹ̀ kéré gan-an.

"Rárá. Mo ṣe àṣìṣe. Wàá gbà wọ́n padà tá a bá délé."

Ó gé onígírì rẹ̀, ó fún mi ní èyí tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti tan fóònù mi láti kọ̀wé sí àwọn ìyá mọ́kànlá náà. Iṣẹ́ kan ti wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Mummy Fàrídà, ọ̀kan nínú wọn: "A ti da tiwa nù. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere fún ìkìlọ̀ yín."

N kò kọjá sílé. Camberwell ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ la gbà lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sọ ohun gbogbo fún un.

"Ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́ sí mi, Mummy Àmínà. Torí pé ẹ̀yin ni, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdajì. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń wádìí nǹkan."

"N kò wádìí èyí."

Ìwé mẹ́jọ ni, Ọkọ̀ Inú Kùrukùru kan náà, ẹ̀bùn Iléyá méjì ni Fàrídà fi rà wọ́n. Ọkọ̀ tó ń kó bébà àlòkù ti gbé wọn lọ ní Thursday. Ọmọ náà jáde wá kí mi, ó kúnlẹ̀ dáadáa, kò sì wojú mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, Aunty, ó sì padà sí yàrá rẹ̀.

Nígbà tá a délé, mo fa àpò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àmínà ní òun lè máa yá Fàrídà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yíyá kì í ṣe níní. Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé ìbẹ̀rù tèmi, nígbà tí mo fi ránṣẹ́, ilé ẹlòmíì ló ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ìkíní àti ìkejì rà nínú Ọkọ̀ Inú Kùrukùru. Ìkẹta títí dé ìkẹjọ ti tán lórí igbá. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá ti kà wọ́n tán, tí kò sì fẹ́ wọn mọ́, ẹ bá mi mú wọn wá sí ilé-kéwú lọ́jọ́ Sunday. Màá san owó wọn. Fàrídà ni kí ẹ kọ sí ara rẹ̀.