Afárá Tí A Fi Eérú Yà

Ìyá mi kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ mi lórí igi ọ̀pẹ tí a ń gbà sọdá odò Ògùnpa, ló bá já sínú omi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á sókè, òun náà bá a lọ. Wọ́n jọ jáde, omi ń kán lára aṣọ wọn, wọ́n tún wá ń kí ara wọn létí odò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àna mi."

"Ẹ kú ewu o, àna mi."

Omi ò pọ̀ lọ́jọ́ náà, orúnkún ìyá mi nìkan ló fara gbá a. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ní òun ò ní gun igi yẹn mọ́ láyé.

Ìsàlẹ̀ Bẹyẹrúnkà ni ilé ọkọ mi wà, ilé ìyá mi sì wà ní òdìkejì odò, tí mo lè rí òrùlé rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ẹni tí kò bá gba orí igi, àfi kó gòkè lọ sí Bẹẹrẹ, kó tó yípo sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè máa ṣe ìyẹn lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ mo ti lóyún àkọ́bí mi, ìyá ìyàwó ló sì máa ń wá wẹ ọmọ tuntun. Àwọn ìyá mìíràn a kó ẹrù wá bá ọmọ wọn gbé títí ogójì ọjọ́, ṣùgbọ́n ìyá tó bí ìyá mi ń ṣàìsàn, kò sì sẹ́lòmíì tó lè sùn tì í. Ìyá mi ní láti máa wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó sì máa padà sílé. Èmi ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì lára ọmọ mi. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo agbo ilé. Alágídí ni mí, wọ́n sì mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣe afárá gidi fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, tòun ti oyún ni mo jó. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni, ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà káàkiri. Ẹnjinníà kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà kó tó tú ìwé rẹ̀. Ó ní afárá náà gbọ́dọ̀ tín-ín-rín kí mọ́tò má baà lè gbà á. Ẹnì kan àti kẹ̀kẹ́ kan, ó ti tó. Nígbà tó rí i pé ìwé náà ò yé wa, ó ní ká bu eérú wá láti ilé ìdáná. Ó fi eérú ya afárá náà sílẹ̀ nínú agbo ilé wa, bó ṣe máa fẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn ín wò," ó wí.

Bàbá ọkọ mi gba ìhín, ìyá àgbà kan gba ọ̀hún. Wọ́n pàdé láàárín, wọ́n dúró. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." "Àwọn ọmọ ńkọ́?" "A dúpẹ́." Bẹ́ẹ̀, abẹ́ igi kan náà làwọn méjèèjì ti jókòó láti àárọ̀! Ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó búrẹ́dì kiri dé ẹ̀yìn wọn. Kò lè kọjá lára àgbà láìkí, ló bá dọ̀bálẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣubú dábùú ọ̀nà. Wọ́n ní kí èmi náà gbé igbá karí kí n wá. Mo kúnlẹ̀ tikùn-tikùn, n kò sì lè dìde mọ́.

Ẹnjinníà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ wa tó ti jáde síta eérú. "Gbogbo yín lẹ ti wà nínú omi."

Ó ní òun lè mú àárín afárá náà fẹ̀, kí àwọn tó bá ń kíra wọn lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ìwé á padà lọ sí Agodi, òjò á sì ti dé. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì gba tín-ín-rín, wọn á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn á sì parí rẹ̀ kí n tó bímọ. Ìyá ọkọ mi, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ra wa yé, ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ bi ìyàwó wa. Òun lọ́rọ̀ kàn jù."

Mo ti la ẹnu láti sọ pé tín-ín-rín. Ni mo bá rí ìyá mi lọ́kàn mi lórí afárá náà, igbá lórí, bàbá ọkọ mi ń bọ̀ níwájú. Wọn ò tíì bí ẹni tó máa ní kó má kúnlẹ̀. Inú bí mi gan-an, inú bí mi sí ìyá mi àti ìkúnlẹ̀ rẹ̀.

"Kí wọ́n mú un fẹ̀," mo wí. Mo wọ yàrá lọ, mo sì sunkún tẹ́rùn.

Òjò dé, omi gbé igi ọ̀pẹ lọ, mo bí ọmọkùnrin. Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára ọmọ, n kò lè purọ́. Ọmọ náà a máa sùn lọ sí i lọ́wọ́, èmi àti ìyá náà sì wá mọwọ́ ara wa. Ìyá mi wọ takisí wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti wẹ ọmọ kó tó dé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo ń pọ̀n ọ́n gba Bẹẹrẹ lọ kí ìyá mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e báyìí, igbe ni. Ìyá mi a ní kò burú, ojú òun ni kò tíì mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí dé egungun.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n sì ṣe afárá náà bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọmọ mi ti ń di ara ògiri mú dìde. Ìyá mi ń bọ̀ láti apá tirẹ̀, èmi àti bàbá ọkọ mi ń lọ pàdé rẹ̀. Níbi tó fẹ̀ láàárín, ó sọ igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wọ́ọ́rọ́wọ́. Apá ń ro mí, mo sọ ọmọ kalẹ̀. Kò tíì rí ojú ìyá mi lọ́gbọọgba pẹ̀lú tirẹ̀ rí. Ó fi ìró mi sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ọmọ tí kò rìn rí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi mú.

Ìyá mi kò parí ìkíni yẹn. Ó gbé ọmọ, ó dìde, ó kọjá lára bàbá ọkọ mi tààrà, ó gba ilé wa lọ, ó ní kí wọ́n gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ náà sórí itan. Ẹsẹ̀ ọmọ ti gùn kọjá orúnkún rẹ̀, ó ń ta omi sí gbogbo wa lára, ṣùgbọ́n ó wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.