Ilé Tí Kò Ka Ìyá Mi Sí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé n'Íbàdàn, inú ló sì ń bí mi lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni aládùúgbò màámi pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde pé màámi ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òkùnkùn. Òkùnkùn kẹ̀? Nínú ilé tí gbogbo ẹbí dá owó jọ fún, tí wọ́n to sólà sórí òrùlé rẹ̀? Mi ò fojú ba oorun.

Ní gáréèjì Ṣálẹ́ńjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n ń gbà dé Ìjẹ̀bú-Òde. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, awakọ̀ wa sì ní àfi kó kún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni mo wí. "Ìyá mi ló ṣubú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ó ní. "Ṣùgbọ́n àyè tó ṣófo kì í ra epo."

Mo san owó àyè náà, a gbéra. Láti Ìdí-Ayùnrẹ́ dé Màmú, kòtò ń fà wá lé kòtò lọ́wọ́. Awakọ̀ á ya sọ́tùn-ún, á ya sósì, orí wa á máa gbá òrùlé ọkọ̀. Ní Òrù, àwọn ọlọ́jà na búrẹ́dì sí wa lójú fèrèsé, àwọn tá a jọ wọkọ̀ rà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣàwàdà. Mi ò dá sí wọn. Nígbà tí a dé, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ sí ẹ̀yìn Òkè-Ajé, níbi tí ilé wa wà.

Ilé àtijọ́ ni. Bàbá bàbá mi ló fi amọ̀ kọ́ ọ, tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Wáyà inú rẹ̀ ti gbó. Nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n gógó, ẹbí ní kí wọ́n ṣe sólà sí i, kí wọ́n sì fi wáyálẹ́ẹ̀sì máa darí iná. Wáyálẹ́ẹ̀sì yìí, kò lo okùn kankan. Láti inú afẹ́fẹ́ ló ti ń pàṣẹ fún gílóòbù àti fáànù pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ tàbí kí wọ́n sinmi. Wọn ò ní gbẹ́ ògiri bàbá àgbà, iná ò sì ní máa jó lásán kí bátìrì má baà tán. Èmi náà ní ó dáa. N'Íbàdàn, a máa ń jẹ́ kí gílóòbù ìta tàn di ọ̀sán gangan, kò sẹ́ni tó bìkítà. Wọ́n wá yọ gbogbo súwíìṣì ara ògiri, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ihò wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà tan iná kó gbàgbé.

Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo dé. Inú ilé ṣókùnkùn. Bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, gílóòbù tàn lókè orí mi. Fáànù pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀rọ tó ń fa omi náà ń kùn lẹ́yìnkùlé.

Màámi wà lórí àga, orúnkún rẹ̀ wú, òógùn ti mú kí bùbá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Wọ́n ti múná wá," ó ní. "Bọ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ dára. Bí ti bàbá rẹ Ìjagun ló rí. Bí òun náà bá ti wọlé, iná á dé. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá lemọ́lemọ́."

Dádì Ìjagun, àbúrò bàbá mi, ló ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ronú sí i, mo wá rántí pé nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ náà, wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ sórí fóònù wa pé ká tẹ̀ ẹ́, kí ilé lè máa dá wa mọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Mo gbé fóònù mi fún aládùúgbò tó pè mí pé kó bá mi mú un dé orí títì, mo jókòó ti màámi. Kò pẹ́, fáànù dúró, iná kú. Àwa méjèèjì wà nínú ilé, ilé ní kò sẹ́nikẹ́ni. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga, kò já mọ́ nǹkan kan lójú ilé náà.

Mo gba fóònù mi padà, mo gun ọ̀kadà, ó di Ìjagun.

Dádì ni olórí ẹbí wa. Ìkọ́kọrẹ́ ló ń jẹ, ewùrà rírin tí àwa Ìjẹ̀bú ń sè pẹ̀lú ẹja, tí àwọn ará ilé ọkọ mi n'Íbàdàn fi ń dá mi lápárá. Ó ní kí n wá jẹ. Mo ní mo yó.

"Dádì, àwọn ta lẹ dárúkọ fún ẹni tó ṣe iná ilé?"

"Ó ní ká dárúkọ àwọn ọmọ ilé. A dárúkọ gbogbo yín pátá, títí kan àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù."

"Màámi ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. "Ìyàwó wa? Bọ́sẹ̀, ìyàwó kì í ṣe ọmọ ilé."

Dádì ń rákò nígbà tí wọ́n gbé màámi wọlé ọkọ. Ṣùgbọ́n màámi bá a nílé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún màámi, ìyàwó sì ni màámi jẹ́ fún un títí dòní. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Síbẹ̀, inú ń bí mi.

"Àwọn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ilé mọ̀ wọ́n," ni mo wí. "Ẹni tó ń gbá ilé náà láràárọ̀ ló ń táràrà nínú òkùnkùn. Ó ti ṣubú, Dádì. Ó lè má dìde bó bá tún ṣubú. Ọwọ́ yín ni nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń fi orúkọ kún un wà. Ẹ fi tiẹ̀ kún un."

"Mú ohùn rẹ wálẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ni mo nilé. Ó di ìpàdé ẹbí, lẹ́yìn ọdún Ojúde Ọba." Ó bu oúnjẹ sẹ́nu.

Mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé. Inú mi ò kúnlẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo ki fóònù mi bọ ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga màámi. Mo fi ibi tí yóò ti máa fọwọ́ fà á hàn án bó bá dún. Mo ní kó má gbé e jáde, torí òun ló ń jẹ́ kí iná wà.

"Kí ló kan fóònù kan iná?" ó béèrè.

Mo sọ ọ́ fún un, àti ohun tí Dádì wí. Ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n," ó ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọkọ̀ ṣe ń gbé wa padà sí Ìbàdàn, mi ò tiẹ̀ mọ kòtò mọ́. Mo ti fẹ́ máa bú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ilé, kò mọ ìyàwó. Àwa la jókòó ní ìpàdé, tí a kọ́ ọ ní ẹni tí a ń kà sí. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi nínú.

Ọkọ mi ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé, ó ní òun pè mí, màámi ló gbé e. Mo gba fóònù rẹ̀, mo pe tèmi.

"Màámi, iná ńkọ́?"

"Ó wà. Fáànù ń fẹ́ sí mi." Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ṣì rò pé ìwọ lo wà nílé."

Mo wọ pálọ̀ wa, mo na ọwọ́ sára ògiri, mo tẹ súwíìṣì. Iná tàn, kò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo yíjú sí ọkọ mi.

"Bí ẹbí tiyín bá fẹ́ ṣe irú iná yẹn sílé bàbá yín, ṣé wọ́n á dárúkọ mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ fọwọ́, oúnjẹ ti ń tutù.