Ibi tí Mo Ti Rí Ojú Iwin Náà

Ìbéèrè kan wà tí mo kórìíra. Bí mo bá ka ìwé mi fún àwọn èèyàn tán níbi àpèjọ, tí wọ́n sì wo àwọn iwin àti ẹranko olórí méjì tí mo yà sínú rẹ̀, ẹnìkan á nawọ́ sókè, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Níbo lẹ ti ń rí àwọn nǹkan wọ̀nyí?" Wọ́n ń retí kí n dáhùn pé ojú àlá ni. Ẹni tó bá bi mí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kì í wù mí í rí mọ́. N ó sọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè sinmi.

Ní Parakou ni, nígbà ìjọba rẹfolúsíọ̀n àwọn ṣọ́jà, tí ẹni tó ń mu gaàrí àti ẹni tó ń jẹran ń pe ara wọn ní kamarádì. Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún. Pátákó ìpolówó ni mò ń kùn ní àdúgbò Banikanni. Mo ń ya orí dídì fún àwọn onídìrí, mo ń ya ṣòkòtò fún àwọn aránṣọ. Ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà. Ṣábẹ̀ ló ti wá, òwú ìránṣọ ló ń tà ní ọjà Arzèkè. Ìlà ilé wa jinlẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ sì ti ku ẹyọ kan.

Lásìkò yẹn, rédíò kò ní ọ̀rọ̀ méjì. Àjẹ́ ló ń pa ọmọ wa, àjẹ́ ni ọ̀tá ìlú. Arúgbó lórí arúgbó ni wọ́n ń fà wá síwájú ẹ̀rọ rédíò láti jẹ́wọ́. Délégé àdúgbò wa, ọkùnrin tí ìjọba fi ṣe olórí wa, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò kí mi kú iṣẹ́.

Ó ní, "Kamarádì, ya ọ̀tá ìlú fún wa, kí a gbé e sẹ́nu ọjà. Kí ọmọdé rí i kó sá. Ọjọ́ mẹ́ta lo ní."

N kò ya àjẹ́ tàbí iwin kankan rí. Mo fi ìwo sí i, ó di ewúrẹ́. Mo fi ìrù sí i, ó di ajá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, inú ń bí mi, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi ya ojú tó mọ̀ jù: àgbọ̀n ìyá àgbà, eyín kan ṣoṣo, ẹyinjú tó wọnú. Mo wá kọ ìlà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. N kò tilẹ̀ rò ó. Nílé wa, ojú tí kò nílà kò tíì parí. Ọmọláńgidi tí a fi ń ṣeré ní kékeré pàápàá, èédú la fi ń kọ ìlà fún un. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Ojú ń tì mí títí dòní pé inú mi dùn.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé pátákó náà sẹ́nu ọjà, àwọn oníbàárà ìyá àgbà ń kọjá lọ láìyà sọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó igbá rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ọjọ́ kẹta, wọ́n pè é sí ìpàdé àdúgbò lábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìpè bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, ọkọ̀ á gbé e lọ. Ẹni tí kò bá jẹ́wọ́, ọkọ̀ náà á gbé e lọ.

Délégé ní kí wọ́n gbé pátákó náà wá, ó gbé e ti ìyá àgbà níbi tó dúró sí. Ó yíjú sí mi.

"Kamarádì, níbo lo ti rí ojú yìí?"

Òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo rò ó pé bí mo bá ní ojú ìyá mi àgbà ni, mo ti fà á lé wọn lọ́wọ́. Bí mo bá ní mo kàn ronú rẹ̀ ni, wọ́n á bi mí nípa ìlà. Mo wá ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Ojú àlá ni mo ti rí i."

Kí n tó pa ẹnu dé ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Láti Ṣábẹ̀ dé Parakou, ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń yọ sí ọ lójú oorun tó ń dẹ́rù bà ọ́, òun ni àjẹ́ tó ń ṣe ọ́? Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ó ti sọ ọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́."

Mo ké pé irọ́ ni mo pa, pé n kò lá àlá kankan. Délégé rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù ìyá náà ló ń bà mí. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn. Ó ti kú, mo ṣì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àlá ti jáde.

Wọ́n gbé ìyá àgbà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n dá a padà, wọ́n ti fá orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kò ká mọ́. Ta ni yóò ra òwú lọ́wọ́ àjẹ́? Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń padà sí Ṣábẹ̀. Èmi ni mo ru ẹrù náà dé ibùdókọ̀ ojú irin. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀ kó tó yọjú sí mi lójú fèrèsé.

"Ṣé lóòótọ́ lo rí mi lójú àlá?"

"Rárá, ìyá àgbà. Ojú yín ni mo mọ̀ jù láyé. Òun lọwọ́ mi yà."

Ó fi ọwọ́ òsì di fèrèsé mú.

"Ohun tó yẹ kí o wí fún wọn nìyẹn."