Ìlà Tí Adésànyà Fi Ń Dá Ọmọ Iṣẹ́ Sílẹ̀

Àtàǹpàkò ọ̀tún Adésànyà ni Àsíátù ń wò. Kì í ṣe ojú rẹ̀. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ńlá ara ògiri tí gbogbo ará ọ́fíìsì kọjú sí. Àtàǹpàkò. Èékánná rẹ̀ ti wọ́ láti ìgbà tí ilẹ̀kùn mọ́tò ti há a mọ́, ó rí ṣákaṣàka bí ìkarahun ìgbín tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó nù ún mọ́ itan ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ fi jẹun. Ó gbé e lọ sórí fóònù tó wà lórí orúnkún rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó dá a dúró díẹ̀ lókè gíláàsì. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo ara ògiri, ó ń retí.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àtàǹpàkò tún sọ̀ kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa ìdun.

Àsíátù mọ ohun tó ń retí. Ó ń retí kí ojú-òpó tí Àsíátù ṣe fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Alhaji Saeed bọ́ra sí ìhòòhò lójú gbogbo wọn. Kò bọ́. Inú Àsíátù dùn débi pé ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Okun ni Àsíátù, Kúbwà ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Adésànyà ní Jábì, bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ lọ bá télọ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti páálí ohun mímu. Iṣẹ́ ojú-òpó ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, PHP tí í ṣe èdè rẹ̀, àti Laravel tí wọ́n ń fi kọ ọ́ kíákíá. Ọdún mẹ́ta. Àga tí wọ́n fún un, ẹsẹ̀ kan kúrú, ó kọjú sí ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Adésànyà kì í na ọmọ iṣẹ́. Ẹnu ló fi ń nà wọ́n. Àsíá olórí kunkun. Àsíá, ṣé orí lo gbé wá ni àbí igbá?

Ẹ̀kọ́ náà kò le. Ojú-òpó kan lè ní ojú-ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n fáìlì kan ni ìyá wọn. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ dárúkọ ìyá rẹ̀, á sì jogún gbogbo ohun tó wà lára ìyá. Lára ìyá yìí ni ìlà kan wà, ìlà kúkúrú, tó ń sọ ibi tí aṣọ wà. CSS ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Òun ló ń sọ àwọ̀, òun ló ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó àti ibi tí yóò dúró sí. Bí ìlà yẹn kò bá rí aṣọ mú wá, ọ̀rọ̀ inú ojú-ìwé ò ní sọnù o. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn á fara ti ẹ̀gbẹ́ òsì, dúdú lórí funfun, bí èrò ọkọ̀ tí ṣọ́jà kó sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bí télọ̀ bá ń dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń fún un ní sáàsì. Mẹkáníìkì á fún tirẹ̀ ní sípánà. Ìlà ni Adésànyà ń fún wọn.

Ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ á kúnlẹ̀ tì í, Adésànyà á gbàdúrà títí iyọ̀ á fi tán lórí ẹ̀pà. Lẹ́yìn àdúrà, á ka ìlà náà sókè. Àdírẹ́sì sáfà tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń sanwó fún lọ́dọọdún, orúkọ ọmọ iṣẹ́ náà á sì wà lópin. Gbogbo fáìlì ìyá tí ọmọ náà bá kọ láyé rẹ̀, ìlà yìí ni kó fi sí i lọ́rùn. Kó má fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò máa tún aṣọ náà ṣe fún un, lọ́fẹ̀ẹ́, títí ayé.

Ta ni kò ní dúpẹ́? Ìyá Àsíátù sunkún lọ́jọ́ náà.

Laravel ní ọ̀nà tirẹ̀ láti sọ pé inú ilé yìí gan-an ni kí wọ́n ti wá aṣọ, kì í ṣe ilé ẹlòmíràn. Bí ẹ̀kọ́ bá dé ibẹ̀, Adésànyà á ní ti òyìnbó nìyẹn, kí wọ́n ṣí i kọjá. Wọ́n ṣí i kọjá.

Nígbà tí Alhaji Saeed gbé iṣẹ́ fún un, Àsíátù kò pariwo. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Alhaji, ọkọ̀ rẹ̀ ń ti gáréèjì Jábì lọ sí Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìsẹ́yìn. Ó fẹ́ kí èrò lè fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì kí Iléyá tó dé, kí wọ́n yan ìjókòó wọn nílé, kí ìjà ìjókòó dópin ní gáréèjì. Àsíátù gbé ojú-òpó náà sí àdírẹ́sì kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí Alhaji lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Waris nìkan, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, ló mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Adésànyà fi pe Alhaji lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ òun kan ń ṣiṣẹ́ fún un. Ó ní ọmọ náà kò tíì gbó. Kí ó jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ òun, òun á mú ọmọ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù láti máa ṣe é lábẹ́ òun. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Alhaji ò fi pamọ́ fún Àsíátù. Ó ní kí àwọn méjèèjì wá ní Ọjọ́bọ̀. Bí ojú-òpó náà bá ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdí owó, tirẹ̀ ni. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Àga yẹn. Ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn.

Ó gba òkè Mpápé lọ bá Waris, níbi tí eruku òkúta tí wọ́n ń fọ́ ti ń bà lé orí kọ̀ǹpútà bí ìyẹ̀fun. Kò jókòó.

"Ìwọ lo sọ fún un."

Waris kò dìde. "Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Ìbùkún?"

"Ìwọ nìkan lo mọ̀."

"Aṣọ tó wà lọ́rùn ojú-òpó rẹ, ilé ta ló ti ń wá?"

"Ilé Ọ̀gá."

"Ẹni tó bá wá ṣí i, ilé ta ni fóònù rẹ̀ ń sáré lọ kó tó rí aṣọ wọ̀ fún un?"

Àsíátù wá jókòó.

"Ọ̀gá jókòó sẹ́nu ọ̀nà," ni Waris wí, "ó ń bi gbogbo fóònù tó bá wá gba aṣọ pé, ojú-òpó wo ló rán ọ wá? Wọ́n sì ń dá a lóhùn. Bó ṣe gba iṣẹ́ ilé ìwé tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bó ṣe gba ti olóògùn nìyẹn. Ó ti mọ oníbàárà rẹ kí ìwọ gan-an tó mọ orúkọ ọmọ wọn."

Àsíátù bi í ìgbà tó ti mọ̀. Ó ní láti Iléyá tó kọjá. Kí ló dé tí kò sọ?

"Ta ló sọ fún èmi?" Waris rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun nínú eruku. "Mo fẹ́ kí ìyà ẹ̀ jẹ ìwọ náà. O ti ń ṣe ọmọ dáadáa níwájú rẹ̀ jù."

Àsíátù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà láìdágbére. Ó kórìíra Waris. Ó kórìíra Adésànyà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò sáré pe Alhaji. Kò tètè yọ ìlà náà pàápàá, kí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà má baà rí i pé fóònù kankan kò wá gba aṣọ mọ́. Ó dúró di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bó ṣe kírun tán, ó da aṣọ náà kọ sínú ilé ojú-òpó ara rẹ̀. Ó ju ìdajì lọ nínú ẹ̀ tó jẹ́ ọwọ́ òun ló kọ ọ́, lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tí Adésànyà sì fi orúkọ tirẹ̀ lé e lórí. Ó lọ sínú fáìlì ìyá, ó pa ìlà Ọ̀gá rẹ́, ó kọ ti Laravel sípò rẹ̀. Ìlà kan. Ó ṣí ojú-ìwé àkọ́kọ́. Ó ṣí ti àwọn ìlú. Ó ṣí ti ìjókòó. Gbogbo wọn wọṣọ. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó wọ ọkọ̀ Jábì.

Ìdí nìyí tí àtàǹpàkò fi ń tẹ gíláàsì lásán.

Alhaji Saeed fúnra rẹ̀ ló di máòsì kọ̀ǹpútà mú, ó dì í mú bí ẹni di ìtọ́kọ̀ mọ́tò mú. Àwọn dírẹ́bà méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wòran. Alhaji yan Ìsẹ́yìn. Ó yan ìjókòó ẹ̀yìn dírẹ́bà. "Yauwa," ó ní, inú rẹ̀ dùn. Ó tẹ ibi ìsanwó.

Ìhòòhò.

Funfun gbalaja. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó fara ti ẹ̀gbẹ́ òsì. Àpótí nọ́ńbà káàdì wà níbì kan, bọ́tìnnì rẹ̀ wà níbòmíràn. Àwòrán bọ́ọ̀sì ti wú débi pé táyà kan ṣoṣo ló hàn lára ògiri, dúdú, ó tóbi bí ilẹ̀kùn.

"Mọ́tò ti bọ́ṣọ," ni dírẹ́bà kan wí. Èkejì rẹ́rìn-ín.

Adésànyà húkọ́ díẹ̀. "Alhaji, mi ò sọ fún yín? Ọmọ gidi ni. Kò tíì gbó ni."

Àsíátù tún ojú-ìwé náà wò. Ó rántí. Ojú-ìwé ìsanwó ni ó kọ́kọ́ kọ, nítorí Alhaji ní kó kọ́kọ́ fi bí owó yóò ṣe wọlé han òun. Nígbà yẹn, kò tíì sí fáìlì ìyá. Ojú-ìwé yẹn dá dúró, kò lórúkọ ìyá lórí, ìlà Ọ̀gá sì wà lọ́rùn òun nìkan.

"Alhaji," ó ní, "ẹ ní kí Ọ̀gá gbé fóònù wọn sórí tábìlì."

"Àsíá. Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó wá ro ó fún Alhaji bó ṣe rí: pé ilé ọkùnrin yìí ni aṣọ náà ti ń wá, pé àtàǹpàkò rẹ̀ ló ká a kúrò báyìí lábẹ́ tábìlì, pé òun ti já ti àwọn yòókù láàárọ̀, òun sì gbàgbé ẹyọ kan.

Alhaji na ọwọ́ sí táyà ara ògiri. "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ọkùnrin yìí lè jókòó sórí àga mi, kó máa tú táyà mọ́tò mi?"

Bí Adésànyà bá rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ó kàn ní láti sẹ́. Ìgbéraga kò jẹ́.

"Táyà mi ni, Alhaji. Èmi ni mo fún un. Ohun tí mo fún ọmọ iṣẹ́ mi, mo lè gbà á."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn dírẹ́bà.

"Kai," ni Alhaji wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Lọ́jọ́ tí èrò ọdún bá kún gáréèjì mi ńkọ́?"

Adésànyà ti fóònù bọ àpò. Ó ní olè ni ọmọbìnrin náà, kí wọ́n bi í léèrè ibi tó ti rí aṣọ tó wà lára àwọn tó kù. Àsíátù ní kó dárúkọ ìlà kan ṣoṣo tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nínú aṣọ náà. Kò dárúkọ ìkankan. Alhaji ní kí dírẹ́bà ṣílẹ̀kùn fún un.

Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Àsíátù.

"O mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ wà nínú mọ́tò mi. O jẹ́ kí n bu omi tútù fún un."

Àsíátù fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. Òótọ́ ni. Ìpè kan ṣoṣo ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ kí Adésànyà wá, kó tẹ fóònù lójú èèyàn, kó tì. Ìyẹn ló ṣe ń wo àtàǹpàkò.

Alhaji dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń tún un ṣe, ó súnmọ́ ọn débi pé òórùn obì ẹnu rẹ̀ ń gba etí Àsíátù kọjá. Ó pa ìlà Ọ̀gá rẹ́. Ó kọ orúkọ ìyá sórí ojú-ìwé náà. Ó tún un ṣí. Bọ́ọ̀sì súnkì, ó padà sí ipò rẹ̀ lókè, pẹ̀lú táyà méjèèjì.

Adésànyà ṣì wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí Àsíátù jáde.

"Ta lo máa sọ pé ó kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹni tó bá bi mí, màá dárúkọ yín. Màá sì sọ ìyókù."

Kò kúnlẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Èrò Iléyá fi ojú-òpó náà ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àsíátù kò padà sórí àga náà. Alhaji Saeed ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ojú-òpó rẹ̀ báyìí, Àsíátù sì gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀.